Iyẹ̀pẹ̀ Inú Kúlà

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá àgbà!"

Igbe ti jáde lẹ́nu Ẹ̀bùnọlá kó tó rántí pé àgbà lòun ń kígbe mọ́. Ó yára kúnlẹ̀ síbi tó wà, ṣíbí irin lọ́wọ́ kan, ọ̀rá funfun lọ́wọ́ kejì. Bàbá Akínladé, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ihò kékeré tí ọmọ náà gbẹ́. Ó gbé ọwọ́ ọ̀hún sókè, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bíi ti ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́.

"Ọwọ́ tí mo fi ń ro ilẹ̀ yìí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, òun ló wá di ẹ̀gbin lónìí?"

"Kì í ṣe ẹ̀gbin, sà. Dókítà ló ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín wà lára ọwọ́ èèyàn. Bí wọ́n bá dàpọ̀ mọ́ ti ilẹ̀, wọn ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀, wọn ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín."

"Ó parí! Èmi àti ilẹ̀ ti di ọ̀kan náà nìyẹn." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti igi ẹ̀mí kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń fi òwú àti sípírítì nu ṣíbí kó tó gbẹ́ ihò mìíràn.

Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 2003, àsìkò tí ooru Minna máa ń yan èèyàn bí ẹ̀pà. Ẹ̀yìn Barkin Sale ni oko náà wà, níbi tí ilé tuntun parí sí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Akínladé, reluwé ló gbé e dé Minna, iṣẹ́ ẹni tó ń darí irin níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti pínyà ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àgbà kan lára àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ Minna ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún un pé kó máa dáko níbẹ̀. Àgbà ọ̀hún ti lọ, ọmọ rẹ̀, Malam Láwàl, ló jogún ilẹ̀, iṣu tuntun Bàbá kò sì yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́dọọdún.

Bí Bàbá ṣe ń lo ilẹ̀ yìí máa ń pa àwọn tó múlé gbè é lẹ́rìn-ín. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń gbìn, ìdá méjì tó kù á máa sinmi. Kì í dáná sun koríko. Ewé tó bá já, á jẹrà síbi tó já sí. Ibi tí Ẹ̀bùnọlá ń gbẹ́ yìí kò tíì rí ọkọ́ fún ọdún mọ́kànlá. "Ọ̀lẹ ló ń pe ìmẹ́lẹ́ ní ìsinmi," làwọn èèyàn ń wí. Bàbá kì í dá wọn lóhùn.

Àṣé ẹnìkan ń bọ̀ wá bá a dá wọn lóhùn. Dókítà Ràhímátù, obìnrin ọmọ Ìlọrin kan tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, wá sí ilé ẹ̀kọ́ Ẹ̀bùnọlá lóṣù kejì. Ó ya máàpù Minna àti agbègbè rẹ̀ sára pátákó, ó sì fi ogójì àmì sára rẹ̀. Ó ní nínú ṣíbí iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo, ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju gbogbo èèyàn ìpínlẹ̀ Niger lọ. Àwọn ló ń jẹ ewé di oúnjẹ fún ọ̀gbìn. Àwọn kan ń wọnú gbòǹgbò ẹ̀wà, wọ́n á ṣe kókó róbóróbó síbẹ̀, wọ́n á sì máa bu oúnjẹ nínú afẹ́fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n iná ìgbẹ́, oògùn apakoríko àti ilẹ̀ tí a kì í jẹ́ kó mí ti lé wọn lọ ní ọ̀pọ̀ oko.

"Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ṣì wà," ni ó wí. "Nínú ogójì, ìjọba ti gbà pé àwọn máa ṣọgbà yí mẹ́ta tó bá dára jù ká. Ẹnikẹ́ni ò ní kọ́lé síbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti rẹ̀ á máa wá bu iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ lọ fi jí tiẹ̀, bí èèyàn ṣe ń lọ fọnná nílé aládùúgbò."

Àmì kẹrìnlélógún bọ́ sórí oko Bàbá Akínladé. Nítorí náà ló ṣe yan Ẹ̀bùnọlá. Ó fún un ní kúlà ńlá aláwọ̀ búlúù kan tó kún fún yìnyín, ó sì kì í nílọ̀: "Bí ẹran tútù ni kí o ṣe é o, ọmọ mi. Má jẹ́ kí oòrùn pa á. Kí o gbé e dé yàrá àyẹ̀wò wa kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà. Bí ohunkóhun bá dá ọ dúró, máa pààrọ̀ yìnyín láàárọ̀ lálẹ́ títí di Mọ́ńdè. Ẹ̀mí ló wà nínú ọ̀rá yẹn."

Ẹ̀bùnọlá sì ń ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ó bu ọ̀rá márùn-ún, ó kọ nọ́ńbà sára wọn, ó tò wọ́n sáàárín yìnyín. Ó kí Bàbá pé ó dàbọ̀, ó gbé kúlà dé etí títì, ó ń retí ọ̀kadà. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ dé. Ó tẹ fèrè pẹẹẹ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí Margaret sì yọ lójú fèrèsé.

"Ẹ̀bùn bébì! Kí lò ń ṣe nínú oòrùn yìí?"

Ẹ̀bùnọlá wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Ọdún méjì tí òun àti Margaret ti jọ wà ní kíláàsì kan náà, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Kurma" ni wọ́n ń pè é, èyí tí àwọn Hausa ń pe adití, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ohùn rẹ̀ á rá mọ́ ọn lọ́fun, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín.

"Tagwai là ń lọ," ni Margaret wí. "Etí odò tí wọ́n sé yẹn. Gbogbo àwa tó mọyì ara wa ní SS2 ló wà nínú mọ́tò yìí. Kúlà nìyẹn, àbí? Ṣé yìnyín wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n—"

"Allah ló gbé ẹ pàdé wa! Mínírà wa ti gbóná bí omi ìwẹ̀ abiyamọ. Wọlé jàre."

"Mò ń gbé nǹkan lọ sí yunifásítì ni. Kó tó di aago mẹ́rin."

"Haba! A ti máa padà dé ní aago méjì. Àbí o ò fẹ́ bá wa rìn? Tóò, ó dáa náà. Dírẹ́bà, ẹ jẹ́ ká máa lọ, Kurma ò fẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú un. Ẹ̀bùnọlá mọ̀ pé kúlà ni wọ́n pè, kì í ṣe òun. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Síbẹ̀, ẹni tí ebi ìfẹ́ ń pa kì í yẹ oúnjẹ wò kó tó jẹ ẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì.

Ní etí omi, Margaret ló ṣí kúlà. Ó fa ọ̀rá kan jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i.

"Kai! Ẹ wá wo nǹkan o! Ta ló ń fi yìnyín tu yẹ̀pẹ̀ lára? Ṣé ibà ló ń ṣe é ni?"

"Bóyá yẹ̀pẹ̀ ọlọ́lá ni," ni ọmọkùnrin kan dáhùn. "Ó ní AC nílé."

Ẹ̀rín ta. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín yìí ni ẹnu Ẹ̀bùnọlá ìbá ti ṣí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju mẹ́rin lọ: "Ẹ dá a padà." Ó gbé e dé ètè, ó tún gbé e mì. Lẹ́yìn náà, òun pàápàá bá wọn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó ọ̀rá márààrún sórí àpáta, wọ́n sì kó ìgò mínírà rọ́pò wọn. "Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni," ni Margaret wí. Àwọn kan ń jó, àwọn kan ń ya fọ́tò. Margaret fi ọwọ́ kọ́ Ẹ̀bùnọlá lọ́rùn, ó ní àṣé ó tiẹ̀ rẹwà báyìí. Inú rẹ̀ dùn dé ibi kan, ẹ̀rù sì ń bà á dé ibi kan. Nígbàkúùgbà tó bá bojú wo àpáta, á rí i tí àwọn ọ̀rá náà ń làágùn nínú, omi tín-ín-tín á máa yọ lára wọn bíi ti ẹni tó ń ṣàárẹ̀. Á gbójú kúrò. Aago méjì kọjá. Aago mẹ́rin kọjá. Oòrùn ń wọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó yí orí padà, ìgò òfìfo nìkan ló sì kù nínú kúlà.

Nígbà tó kó àwọn ọ̀rá náà délé, tó ṣí àkọ́kọ́, òórùn kíkan sọ sí i nímú. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó ń mí bí àkàrà láàárọ̀ ti rin, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ṣé kó lọ sọ fún Bàbá? Ṣé kó lọ sọ fún Dókítà? Bó bá padà lọ bu òmíràn ńkọ́? Bàbá á bi í pé kí ló ṣe ti àkọ́kọ́.

Ohun tó wá ṣe, ẹ̀kọ́ ilé ló fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì burú. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ohun tó bá rin, tó sì ń kan, oòrùn loògùn rẹ̀. Orí páànù ni wọ́n ń sá iṣu èlùbọ́ sí nílé wọn. Iṣu tó bá ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ bàjẹ́, ọjọ́ kan lórí páànù á sọ ọ́ di ọmọlúàbí. Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Bàtíìsì, ó gun àgbá, ó sì tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà sórí páànù gbígbóná, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lórí atẹ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó ti gbẹ hánhán bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Òórùn ti lọ. Ẹ̀bùnọlá mí kanlẹ̀. Ó dà á sínú ọ̀rá tuntun, ó tún nọ́ńbà kọ, ó ra yìnyín lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, ó sì gbé kúlà lọ sí yunifásítì.

Ọ̀gbẹ́ni John tó ń gba ẹrù ní yàrá àyẹ̀wò fọwọ́ tẹ ọ̀rá náà. "Ilẹ̀ yín gbẹ o."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, sà."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kọ ìdáhùn sí fọ́ọ̀mù yìí."

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: Ǹjẹ́ yìnyín wà pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ láti oko títí o fi dé ibí? Bírò Ẹ̀bùnọlá dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́: Bẹ́ẹ̀ ni.

Òjò dé, àgbàdo hù. Margaret ti gbàgbé Ẹ̀bùnọlá. "Kurma" ti padà di orúkọ rẹ̀ kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan. Àfi bó ṣe di oṣù kẹfà tí Dókítà Ràhímátù wá a wá sílé ẹ̀kọ́. Abẹ́ igi dongoyárò ni wọ́n jókòó sí, máàpù wà lórí itan Dókítà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun àwọn àmì kan, àwọn mìíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Pupa ni àmì kẹrìnlélógún.

"Nínú gbogbo ogójì, tiyín ló burú jù," ni Dókítà wí. "A gbin ẹ̀wà sínú iyẹ̀pẹ̀ náà. Ó hù, àmọ́ kò dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ féfé, kò sí kókó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á. Mo ti rin ilẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ mi rì nínú rẹ̀ bí ìgbà tí mo tẹ tìmùtìmù. Ẹ̀bùnọlá, wò mí lójú. Ṣé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ yẹn lọ́nà?"

Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Kó ṣáà gbé ẹsẹ̀.

"Kò sí, ma."

Dókítà fi ìka kan àmì pupa náà. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Ẹtì la ó gbé máàpù fún ìgbìmọ̀ ìjọba. Ẹ̀wà mìíràn kò lè hù kó tó dìgbà náà. Ohun tí o kọ ni mo gbà gbọ́." Ó ká máàpù rẹ̀, ó sì dìde.

Ọ̀rọ̀ kì í dúró síbi tí a gbé e sí. Ìgbìmọ̀ yan oko mẹ́ta mìíràn, wọ́n ṣọgbà yí wọn ká. Malam Láwàl, tó ti ń lé àwọn olùra ilẹ̀ sẹ́yìn láti ìgbà pípẹ́ nítorí ọ̀wọ̀ tí bàbá rẹ̀ ní fún Bàbá Akínladé, gbọ́ pé ìwé àyẹ̀wò ti sọ pé ilẹ̀ náà ti kú. Ó wá sílé Bàbá, ó bọ́ fìlà.

"Baba, sannu. Ẹ má bínú sí mi. Bó bá ṣe pé ilẹ̀ náà ṣì ń ṣe nǹkan ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ wà láyé. Ṣùgbọ́n òkú ilẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ti dé. Ẹ kórè ohun tó wà lórí rẹ̀."

Ẹ̀bùnọlá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ó retí kí Bàbá jiyàn, kó pariwo pé irọ́ ni. Bàbá kò jiyàn. Ó ní, "Mo dúpẹ́, Malam. Ẹ ti ṣe é." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi àṣírí.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Akínladé ti pa oko tì. Kò kórè ẹ̀wà tó wà lórí ìdá tó gbìn. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, á máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Oúnjẹ á dé iwájú rẹ̀, á tutù, wọ́n á gbé e kúrò. Ó rù débi pé okùn ṣòkòtò rẹ̀ ń yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ẹ̀bùnọlá sọ pé àgbà ló ń dé. Ẹ̀bùnọlá nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe àgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbé ìrẹsì lọ fún un, Bàbá ní kó jókòó.

"Ẹ̀bùn, mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́dún tí bàbá rẹ ṣàìsàn, tí a wà ní ọsibítù fún oṣù méjì, koríko fẹ́ bo oko mọ́lẹ̀. Mo ra oògùn apakoríko. Mo fọ́n ọn síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé èmi kì í fi nǹkan bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀." Ó mi orí. "Òun ló pa á. Gbogbo ìsinmi tí mo fún un, òkú ni mo ń tọ́jú. Èmi ni mo pa ilẹ̀ olóore mi, ọmọ mi."

Ẹ̀bùnọlá kò mọ ìgbà tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrẹsì fọ́n ká ilẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ sáàárín rẹ̀.

"Bàbá àgbà, kì í ṣe ẹ̀yin! Èmi ni. Èmi ni mo pa á. Kì í ṣe ilẹ̀ ló kú, iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá ló kú!"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti bọ́ọ̀sì, ti àpáta, ti páànù, ti bírò lórí fọ́ọ̀mù. Ó sọ ti abẹ́ igi dongoyárò, èyí tó tì í lójú jù. Ó sọ ọ́ tán. Ó gbójú sókè. Omi ń dà lójú bàbá náà, kò sì nù ún.

"Ìyẹn ni pé kò kú?"

"Kò kú, sà."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, sà."

Bàbá fi etí aṣọ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wí pé: "Iṣẹ́ tí mo ṣe ní reluwé, bí mo bá fa irin sí ibi tí kò yẹ, ọkọ̀ kì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á máa sáré lọ, èrò á máa jẹun, wọ́n á máa ṣeré. Ìgbà tó bá jìnnà ni wọ́n tó mọ̀ pé ìlú tí àwọn ń lọ kọ́ nìyí. Ẹni tó fa irin ṣì nìkan ló mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ mọ̀, Ẹ̀bùn. Oṣù mélòó lo fi mọ̀?"

"Mẹ́rin, sà."

"O rí mi níbí lójoojúmọ́."

Kò lù ú, kò sì bú u. Ì bá sàn ká ní ó lù ú. Ó ní, "Dìde. Lọ wọ bàtà. À ń lọ bá Dókítà."

Dókítà Ràhímátù gbọ́ ọ tán, ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga. "Oṣù mẹ́rin," ni òun náà wí. Lẹ́yìn náà ló kó ọ̀rá àti ṣíbí sínú mọ́tò rẹ̀, wọ́n sì wakọ̀ gba Barkin Sale lọ.

Wọ́n gbọ́ ariwo rẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Katapílà aláwọ̀ ìyeyè kan wà lórí ilẹ̀ tó sinmi fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti ha òkè rẹ̀ dànù, ó ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ dúdú náà lọ dí kòtò títì, ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ sì hàn síta bí ojú egbò. Igi ẹ̀mí ti wó. Kìkì ọ̀nà tóóró kan létí àfonífojì ni ẹnu ẹ̀rọ kò tíì dé. Dókítà sáré lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ṣíbí bu ọ̀rá méjì fúnra rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Malam Láwàl. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó di orí mú. "Dà-ná-sani," ni ó ń wí, ìyẹn "ká ní mo mọ̀" lédè Hausa. "Dà-ná-sani, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ìwé ti jáde, ilẹ̀ ti di ti ẹni tó rà á. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n bẹ wọ́n kí wọ́n dúró di ọjọ́ Ẹtì kí ẹ kó èyí tó kù."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kó o. Àwọn obìnrin ilé Malam Láwàl gbé igbá iyẹ̀pẹ̀ lé èjìká gẹ́gẹ́ bí àṣà Gbagyi, wọ́n ń gbé e lọ sí oko wọn. Ẹ̀bùnọlá gbé tirẹ̀ lórí títí ọrùn rẹ̀ fi wú. Ibi tó kù náà kò fẹ̀ ju yàrá mẹ́ta lọ. Nígbà tí ẹ̀wà tí Dókítà gbìn sínú ọ̀rá méjì yẹn hù, tó sì fà á tu, kókó tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge. Nínú gbogbo ogójì, kò sí èyí tó tó o. Nígbà yẹn, ìpìlẹ̀ ilé mẹ́fà ti wà lórí oko náà.

Dókítà tún máàpù rẹ̀ tẹ̀. Ó yọ àwọ̀ pupa kúrò lórí àmì kẹrìnlélógún, kò sì kun àwọ̀ mìíràn síbẹ̀. Bàbá Akínladé ti ń jẹun padà, ó tiẹ̀ kọ ebè mélòó kan lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀nà Barkin Sale mọ́. Bó bá ń lọ sí ọjà Kúre, á yí gba ibòmíràn.

Lóṣù kẹwàá, Dókítà Ràhímátù padà wá sílé ẹ̀kọ́ náà láti yan ọmọ mìíràn fún iṣẹ́ tuntun. Kò yọ Ẹ̀bùnọlá kúrò, ṣùgbọ́n ó ní kí òun tó fún un ní ọ̀rá mìíràn, kó dìde kó sọ ohun tó ṣe. Ọgọ́ta ọmọ ló wà ní kíláàsì. Margaret wà lára wọn, ó ti tẹrí ba. Ẹ̀bùnọlá dìde. Ẹnu tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin létí omi Tagwai ló wá ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni àfi tara rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fipá mú mi wọ bọ́ọ̀sì," ni ó wí. "Mo ń wá ẹni tó máa fẹ́ràn mi, mo sì ta ẹni tó fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtìjú nìkan lẹ máa jẹ. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, ẹlòmíì ni yóò jìyà rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tó fà á."

Ọmọbìnrin kékeré kan láti JSS, tó wá gba ṣọ́ọ̀kì, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti dárí jì yín?"

Ẹ̀bùnọlá yíjú sí i.

"Bàbá àgbà ti dárí jì mí," ni ó wí. "Dókítà náà ti dárí jì mí. Ilẹ̀ ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀."